Bátìrì Tí Kò Kú

Ẹsẹ̀ Tẹjúmádé kò sinmi lábẹ́ tábìlì. Gílóòbù kékeré iwájú rẹ̀ kọ̀, kò tàn.

Àǹtí Olúfọlákẹ́ ló kó bátìrì, wáyà àti gílóòbù wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Máfólúkù, nítòsí pápákọ̀ òfurufú, láti fi kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí gílóòbù rẹ̀ bá kọ́kọ́ tàn ni yóò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe rédíò nígbà ìsinmi, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni Tẹjúmádé oníkánjú ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ni.

Gbogbo tíṣà ibẹ̀ ló máa ń dákẹ́ bí bàálù bá ń kọjá lórí òrùlé, ṣùgbọ́n Àǹtí tó jẹ́ àlejò kò mọ̀. Bàálù gbé àlàyé Àǹtí lórí wáyà mì. Gàfárù, tó jókòó ti Tẹjúmádé, dìde lọ bi Àǹtí léèrè. Tẹjúmádé fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló ráyè ìbéèrè?

"Bátìrì yìí ti kú," ó kùn. Ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti rìmóòtù nílé. Òfo. Gàfárù tẹrí ba, ó rọra ń fi bíléèdì ha wáyà bí ẹni ń ha iṣu sísun. Tẹjúmádé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi bátìrì rẹ̀ pààrọ̀ ti Gàfárù. Ìkánjú kò jẹ́ kó rántí pé kálukú ti kọ orúkọ sára tirẹ̀.

Síbẹ̀, tirẹ̀ kò tàn. Ti Gàfárù ló tàn.

Kíláàsì hó yèè. Àǹtí gbé bátìrì náà wò, ojú rẹ̀ yí padà. "Gàfárù, bátìrì Tẹjúmádé lo mú?"

"Mi ò mú un mà! Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Ẹni tó bá mú nǹkan ẹlòmíì ò lè bá wa lọ o."

Bí Tẹjúmádé bá dákẹ́, àyè ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Ó wo Gàfárù. Omi ti lé sójú ọmọ náà. Ojú ti Tẹjúmádé.

"Èmi ni mo pààrọ̀ wọn mà. Mo rò pé tèmi ti kú ni. Ẹ má bínú."

Àǹtí ò pariwo. "Èyí tó o pè ní òkú ló tan gílóòbù yìí. Ọ̀dà tó bo wáyà rẹ, tó ń dí iná lọ́nà, lo ò ha kúrò." Ó kọ orúkọ Gàfárù sílẹ̀.

Tẹjúmádé sunkún. Gàfárù ti bíléèdì sí i níwájú. "Mo ń bínú sí ẹ o. Ṣùgbọ́n gbà, ha á."

Ó ha á. Gílóòbù tàn nígbà tí gbogbo kíláàsì ti jáde lọ ṣeré.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí Tẹjúmádé kò béèrè ló ti í dé ìdí olè, tó sì gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí bàálù bá ti kọjá tán, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè.