Ìlasa Etí Gọ́tà

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Kí ni àgbà bíi tèmi fẹ́ fi irọ́ ṣe? Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ní Igbó-Ọrà níbí, lọ́sàn-án gangan.

Èmi ni mo ṣáájú àwọn tó lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ títì pé kí wọ́n da gọ́tà wọn sínú odò ẹ̀yìnkùlé wa. Òjò ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù jù. Tíṣà Rosaline, aládùúgbò wa, kọ̀. Ó ní ìdọ̀tí àwọn tó ń tún bátìrì ṣe yóò bá a wọnú odò.

Mo ní, "Omi tó ń ṣàn, mímọ́ ni. Ṣebí òun la fi ń ṣe àlùwàlá."

Ẹnu èmi náà ló sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo gbin ilá sí àkùrọ̀ mi létí odò náà. Ìlasa, ewé rẹ̀, ń dán bí èyí tí wọ́n fi epo pa. Àwọn kọ̀ǹkọ̀ ò ké mọ́. Tíṣà bu omi náà lọ yẹ̀ wò níléèwé, ó padà wá sọ pé òjé, irin olóró inú bátìrì, wà nínú ẹ̀, kí a má jẹ ewé yẹn. Mo ní kó máa gbé ìlara ẹ̀ lọ. Ní ìlú wa, ìlasa la fi ń wá ìbejì. Aliyyah ọmọ mi sì ti lo ọdún mẹ́fà nílé ọkọ, kò bí. Èmi ni mo ń sè é fún un, láàárọ̀, lálẹ́.

Ó lóyún. Wọ́n ní ìbejì ni. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Oyún náà pé oṣù méje, mo lọ já ewé. Oòrùn mú. Atẹ́gùn ò fẹ́. Omi gọ́tà ń ṣàn, kò dún. Ni àwọn ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kin. Kin. Bíi ṣíbí tó kan abọ́ irin. Mo di ọ̀kan mú. Ó tutù, ó wúwo lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo sá wọlé.

Aliyyah, tó ti wá dúró de ìbí lọ́dọ̀ mi, ń sùn lórí ẹní. Mo rọra fi etí lé ikùn ẹ̀.

Kin.

Mi ò mí. Láti ẹ̀gbẹ́ kejì, èkejì dá a lóhùn.

Kin.

Ó lajú. "Màámi, ṣé wọ́n ń yí?"

"Wọ́n ń yí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi se ìlasa sí i. Tọdún yìí mà ládùn o."

Ó ku oṣù méjì tí yóò bí. Mi ò tíì lè sọ fún un.