Ìràwọ̀ Tí Kò Yí

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà nílé Yangdol ní Hanle, abúlé kan lórí òkè olótùútù, títí di òní.

Opó ni Yangdol. Yíya àwòrán ojú ọ̀run ni fàájì rẹ̀. Lálẹ́ tí kò bá sí ìkùukùu, á fi ìbọ̀sẹ̀ onírun wé bátìrì kámẹ́rà rẹ̀ kí òtútù má baà pa á, á gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sínú pápá níwájú ilé, á sì jẹ́ kó lajú sílẹ̀ títí di ìdájí. Ìràwọ̀ gbogbo ń rìn, wọ́n á fa ìlà roboto sínú àwòrán. Ìràwọ̀ àríwá nìkan ni kì í kúrò lójú kan.

Nígbà òtútù ọdún kan, àwọn tí kì í kúrò di méjì.

Èkejì kéré, ó pupa díẹ̀, ó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé. Ojú lásán kò rí i. Yangdol nu ojú kámẹ́rà, ó tún un yà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òkè. Lẹ́yìn náà, ó dé ẹnu géètì. Ajá ilé kò gbó mọ́.

Motup, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wo àwòrán náà. Ó rọra gbé ife tíì sílẹ̀.

"Kó ẹrù ẹ. Lọ́la la máa ti ilé yìí pa."

"Èmi àti àbúrò yín la jọ po amọ̀ ilé yìí. Mi ò lọ."

"Ẹ̀mí ẹ ńkọ́?"

"Ilé làbọ̀ sinmi oko. Tí mo bá sá nílé, ibo ni mo máa sá sí? Ẹ bá mi sọ fún un pé kó yà lọ."

"Èmi kọ́ lo máa rán sí i. Orí kunkun yìí náà lo gbé wọlé ọkọ."

"Òun ló gbé mi débí, ẹ̀gbọ́n."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Motup sùn sídìí ààrò. Yangdol jáde. Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣí kámẹ́rà sílẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́nu géètì, níbi tí ìràwọ̀ pupa náà wà nínú àwòrán. Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ó gbọ́ èémí kan tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Dúró níbẹ̀," ó wí. "O ò ní wọlé yìí."

Yangdol kò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ mọ́.

Láàárọ̀, àwọn méjèèjì wo àwòrán náà. Kò sí ìlà kankan lójú ọ̀run. Gbogbo ìràwọ̀ dúró gbagidi, oníkálukú ní àyè rẹ̀, láti alẹ́ di ìdájí. Ìlà kan ṣoṣo ló wà, ó pupa. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, ó yọ ní òdìkejì, ó sì parí síbi ẹsẹ̀ Yangdol. Kò wọlé.

Motup nawọ́ sí àwọn ìràwọ̀ tó dúró náà.

"Ìyàwó wa, gbogbo wọn ló gbọ́ ẹ."

"Mo rí i."

"Ṣé wàá kó ẹrù báyìí?"

"Rárá," ni Yangdol wí. "Tó bá dalẹ́, màá sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n máa rìn."