Katakata Tí Wọ́n Tà Bó Ṣe Wà

Àga katakata náà tún gbóná. Bàbá Ó-Dọ̀la gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì yára mú un kúrò. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ ọ̀hún sí, oòrùn kì í débẹ̀, oṣù keje sì nìyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Síbẹ̀, ó gbóná bí ibi tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Àwọn lébìrà oko ló sọ bàbá náà ní Ó-Dọ̀la, nítorí kò síṣẹ́ tí kì í sún síwájú. Àwàdà lásán ni nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló wá sọ fún un pé bíréèkì katakata ò mú mọ́. Bàbá ní kó túlẹ̀ orí òkè yẹn tán ná, ó di ọ̀la kí wọ́n tó tún un ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an ni katakata já lórí òkè, ó yí, ó sì tẹ ọmọ náà pa. Láti ìgbà náà ni bàbá ò ti lè wo ojú ìyàwó rẹ̀ tààrà mọ́.

Mẹkáníìkì tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n pè wá tú ẹ́ńjìnnì yẹ̀ wò, ó nu ọwọ́ sí àkísà. "Bàbá, ó ṣeé tún ṣe. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó sórí ẹ̀? Tí mo bá wọ abẹ́ ẹ̀, mò ń gbọ́ tí àga yẹn ń dún."

"Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe," ìyàwó bàbá bẹ̀ ẹ́ nínú ilé. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ikọ́ ọmọ yẹn níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má tà á, Bàbá ọmọ mi. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ń jókòó sí."

Òun náà ń gbọ́ ikọ́ ọ̀hún. Ikọ́ tó ń tu ìyá nínú, ẹ̀sùn ló ń fi kan bàbá, kò sì lè fara dà á mọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sún nǹkan síwájú. Ó ránṣẹ́ pe oníirin àlòkù.

Ọkùnrin náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kò sí èérí epo kankan lára aṣọ rẹ̀. Kò wo ẹ́ńjìnnì, kò fẹsẹ̀ ta táyà. Àga ló dúró tì, ó ń wò ó ṣáá.

"Ṣé bó ṣe wà lẹ fẹ́ tà á?"

Láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń parí ọjà. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá ti sọ ọ́, ẹni tó rà á ò lè dá a padà, ẹni tó tà á náà ò sì lè béèrè ohunkóhun mọ́, ì báà jẹ́ sípánà tó gbàgbé sórí rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀. Bàbá Ó-Dọ̀la sì ń kánjú.

"Mo tà á bó ṣe wà, àti gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀."

"Ó ti gbọ́," ni ọkùnrin náà wí. Kì í ṣe bàbá ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ jókòó sínú àtíbàbà tó ṣófo, níbi tí wọ́n ti wọ́ katakata kúrò, títí ọ̀sán fi lọ. Kò gbọ́ ikọ́ kankan. Ó wọlé wá, ó ní kí ọkọ òun sọ bó ṣe ta katakata náà. Ọkọ rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ ò kọ́kọ́ ní kó sọ̀kalẹ̀?"

Bàbá Ó-Dọ̀la sáré títí dé ọgbà àwọn oníirin. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti gé katakata wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ọkùnrin náà sì ń fọ ọwọ́ nínú garawa.

"Ọmọ mi," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọmọ mi ni mo wá mú."

Ọkùnrin náà gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ní kó sọ̀kalẹ̀ ká tó gé e. Ó ní ibo lòun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ, pé bàbá òun ti ta òun."