Kí Zofka Tó Kọjá

Orí eékún ni Lovrenc wà nígbà tí Neža kọ́kọ́ rí i. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ṣubú lẹ́nu géètì oko, agbọ̀n tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti dà, ó sì ń lé ọ̀dùnkún kiri nínú ẹrẹ̀ bí ẹni ń lé òròmọdìẹ.

"Ta ló rán yín wá gbé agbọ̀n?" ni Neža bi í.

"Àǹtí mi, Štefka."

"Ti Màmá Štefka kọ́ nìyẹn. Ti Fadá ni. Oúnjẹ Fadá lẹ dà sẹ́rẹ̀."

Lovrenc wo òkè. "Ṣé wọ́n máa ń dárí jini?"

"Tó bá ti kan oúnjẹ, rárá."

Oko Neža àti Alojz, bàbá rẹ̀, ló ń bọ́ abúlé náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ilé kọ̀ọ̀kan á wá gbé agbọ̀n ẹ̀fọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni Lovrenc ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin. Láti Koper, létí òkun, ló ti wá máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ti dàgbà. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tètè dé. Nígbà tó yá, ó ń wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ agbọ̀n rárá, ó ń tu èpò, ó ń pọn omi. Kí igi ápù tó yọ òdòdó tán, Neža ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kò sì bá ara rẹ̀ jiyàn.

Bàbá Alojz ló ṣòro. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì fi aṣọ tábìlì kan sílẹ̀ nínú àpótí, aṣọ funfun tó fi òwú pupa ṣe òdòdó sí lára. Ọjọ́ ìgbéyàwó Neža nìkan ni wọ́n máa gbé e jáde. Baba náà sì ti kìlọ̀ pé òun ò ní gbé e jáde fún ẹni tí ò mọ ilẹ̀.

"Ará etí òkun," ló máa ń sọ. "Ẹja ni kó lọ máa gbìn."

Neža á máa tu èpò lọ. Bàbá kan ló ní, oko kan ló ní. Tí bàbá bá kọ̀, òun á fi oko sílẹ̀ tàbí kó fi Lovrenc sílẹ̀, kò sì mọ èyí tó máa dun òun jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, oòrùn mú. Neža gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Lovrenc ní kí òun ṣe wọ́n lóore. Kí wọ́n tó dé, ó ti kó gbogbo ọmọ tòmátì kúrò lábẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ń bò wọ́n nítorí òtútù, ó ti gbìn wọ́n síta bí wọ́n ti ń ṣe ní Koper.

Bàbá Alojz sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó wo oko. "Ta ló pa wọ́n?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo gbìn wọ́n. Oòrùn ti..."

"Oòrùn wo? Àwọn Bàbá Oníyìnyín ò tíì kọjá! Zofka Atọ̀ọ́lé ò tíì tọ̀!"

Lábúlé yẹn, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Láàárín oṣù karùn-ún ni àjọ̀dún àwọn ẹni mímọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníyìnyín, tó máa ń mú ìrì dídì tó ń pa ewé wá. Zofka, ẹni mímọ́ obìnrin, á sì tẹ̀lé wọn pẹ̀lú òjò, òun ni wọ́n fi ń pè é ní Atọ̀ọ́lé. Kí obìnrin yẹn tó kọjá, ẹnikẹ́ni kì í gbin tòmátì síta. Wọn ò sì ṣeé hú padà mọ́, gbòǹgbò wọn ò lè gba ìyà ẹ̀ẹ̀mejì.

"Máa lọ," ni bàbá wí. "Má sì padà wá."

Lovrenc wo Neža. Neža wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sunkún láìbẹ́ àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ ẹni mímọ́ àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ dákẹ́ lọ́sàn-án, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Gbogbo abúlé mọ̀ pé ìrì dídì ń bọ̀ lóru. Lovrenc gun kẹ̀kẹ́, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ó ní òun ló jẹ̀bi, kí wọ́n yá òun ní ohunkóhun tó ṣeé fi bo tòmátì. Tòmátì tí wọ́n máa jẹ náà ni, wọ́n bá jáde.

Màmá Štefka gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wá. "Tó bá fọ́, ìwọ ni mo máa sè."

Fadá gbé garawa omi mímọ́ wá. "Ṣé ìwọ kọ́ lo da ọ̀dùnkún mi sẹ́rẹ̀?"

"Èmi ni, Fadá. Ẹ dárí jì mí."

"Ká kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́."

Lovrenc ń bò wọ́n bọ̀ láti ìsàlẹ̀ oko, Neža ń bò wọ́n bọ̀ láti òkè, títí wọ́n fi pàdé láàárín.

"Olólùfẹ́, ṣé o ṣì ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú gan-an. Gbé garawa yẹn fún mi."

Bàbá Alojz ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ìlà tó kẹ́yìn ṣì wà níhòòhò, kò sì sí ìkòkò mọ́ lábúlé. Lovrenc bọ́ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ bo ìwọ̀nba tó lè bò, ó sì lọ, torí bàbá kò tíì ní kó padà wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo koríko ti funfun. Neža sáré jáde. Aṣọ tábìlì ìyá rẹ̀ ló rí lórí ìlà tó kẹ́yìn, ìrì dídì ti mú kó gan. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà lórí àga ilé ìdáná, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

Neža gbé etí aṣọ náà sókè. Ewé tútù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìkòkò, ó ṣí garawa, wọ́n yè. Èyí tó wà lábẹ́ garawa Fadá nìkan ló kú.

"Bàbá, aṣọ Màmá?"

"Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ni ìyá rẹ ní kí n gbé e jáde." Ó nawọ́ sí géètì, níbi tí Lovrenc dúró sí, tí kò wọlé. "Mo ti gbé e jáde. Kí ló kù?"

Ayọ̀ kún ọkàn Neža. Ó lọ ṣí géètì.

"O gbọ́ ohun tí bàbá sọ?"

"Mo gbọ́."

"Ó dáa, wọlé, ọkọ mi."

"Àmọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ata mi kí Zofka tó kọjá!" ni Bàbá Alojz ké láti orí àga.

Ìgbà tí tòmátì pọ́n ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n ti fọ aṣọ tábìlì náà títí, àbàwọ́n ilẹ̀ tó wà létí rẹ̀ kò lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, Bàbá Alojz sì ní ibi àbàwọ́n yẹn gan-an ni kí ọkọ ìyàwó jókòó sí.