Ìwé Tí Kàsúmù Kò Ṣí

Ẹni tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Kàsúmù télọ̀ ní ìgboro Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé ẹnu ọkùnrin náà kì í sinmi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kì í dá sí: ọ̀rọ̀ Lábísí, ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ọmọ náà lé lọ́dún méjì kó tó dá dúró. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ará ilé kankan. Ìyá Kàsúmù ní Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó Kàsúmù, ló fà á.

"Ṣebí mo ní kó má rìn lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú oyún! Àlùjànnú ti pààrọ̀ ọmọ."

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé ní 1981, Kàsúmù kò ṣí i. Ẹ̀rù ń bà á pé ìwé náà lè sọ pé ìdílé tòun ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní kò tíì dé. Ẹ wo irọ́ burúkú! Nígbà tí èébú ìyá ọkọ pọ̀ jù, Ṣẹ̀fíátù pọn ọmọ rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìfọ̀n. Kàsúmù ń wò ó lọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kejì, wọ́n ránṣẹ́ pé Lábísí ti kú. Wọ́n ní otútù ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Nọ́ọ̀sì Veronica, tó ń bá dókítà náà ṣiṣẹ́, wá gba yunifọ́ọ̀mù tó ní kí Kàsúmù rán. Bí Kàsúmù ti ń wá bọ́tìnnì nínú dúrọ́ọ̀, nọ́ọ̀sì rí ìwé náà.

"Bàbá Lábísí, èsì Ìbàdàn kọ́ nìyí? Ẹ ò ṣí i?"

"Ẹ bá mi kà á, Sístà." Ó na ìwé náà sí i.

Veronica kà á tán, ó mí kanlẹ̀. "Ohun tín-ín-rín kan wà nínú ara wa tó ń jẹ́ kúrómósóòmù. Òun ló ń pinnu ìrísí àti ìdàgbàsókè ọmọ. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló yẹ kó jẹ́. Ti Lábísí fi ẹyọ kan lé. Ó ti ṣẹlẹ̀ kí oyún tó dúró pàápàá. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í ṣe ẹ̀bi ìyàwó yín."

"Ó tán?"

"Rárá. Wọ́n ní kí ẹ tètè mú un wá fún àyẹ̀wò ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ọkàn ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní àléébù; otútù lásán lè gbẹ̀mí irú wọn."

Kàsúmù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ó bẹ nọ́ọ̀sì kó kọ ọ́ ní Yorùbá sẹ́yìn ìwé náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ níwájú Ṣẹ̀fíátù ní Ìfọ̀n, ó kà á fún un.

"Ìgbà wo ni ìwé yìí dé?" ni obìnrin náà béèrè.

"Ó ti pé ọdún méjì."

Ṣẹ̀fíátù nawọ́ sí ìwé náà. "Bàbá Lábísí, ẹ dìde. Ẹ lọ kà á sókè fún ìyá yín àti gbogbo àdúgbò. Èmi ò ní bá yín padà."

Kàsúmù kà á fún wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n Ṣẹ̀fíátù kò sí níbẹ̀ láti gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí dókítà bá ní kí wọ́n yẹ kúrómósóòmù ọmọ yín wò, ẹ gbà, kí ẹ sì padà lọ gbọ́ èsì. Àyẹ̀wò náà kò lè yọ ẹyọ tó lé kúrò, àmọ́ yóò jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣe ọmọ àti ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Ẹ má di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ. Bí ìwé èsì bá sì dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà.