Mo Rí I

Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é nírọ́. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí kò kú, kò sì ya wèrè. Bí ẹ bá bi í, ohun tí mo kọ síbí náà ni yóò sọ fún yín, láìfikún, láìyọkúrò.

Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí gíga rẹ̀. Òun ló ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté, òun náà ló ń tú u nígbà tí èrò bá pé. Ní èbúté yẹn, ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi ti di ọmọ ìyá. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń gbé ènìyàn wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ kan tó ń ronú bí ènìyàn ló sì ń darí wọn. Amọ̀nà ni wọ́n sọ ọ́. Amọ̀nà ló ń bá èrò sọ̀rọ̀ létí, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, òun ló ń dá ọkọ̀ dúró dè é.

Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e kalẹ̀ ṣe òfin kan. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá nìkan jẹ́rìí ènìyàn. Bí èrò bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, àwòrán rẹ̀ yóò yọ lójú fóònù iṣẹ́ Agùntáṣọọ́lò. Yóò wo àwòrán, yóò wo ènìyàn, yóò wá tẹ "Mo rí i." Òfin tó dára ni. Kò sẹ́ni tó ń pa á mọ́. Amọ̀nà kì í ṣàṣìṣe, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kàn ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A gbọ́, a ò gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kùrukùru bo odò. Ìyàwó Agùntáṣọọ́lò ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wọn, ilé wọn sì wà ní òdì kejì, nítòsí omi. Màmá Agùntáṣọọ́lò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá tọ́jú ọmọ. Kí màmá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun láìséwu, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

Màmá pè é láti inú ọkọ̀ ojú irin.

"Ohùn kan ń pè mí ní Màmá látàárọ̀. Ọmọ ta ni?"

"Amọ̀nà ni, Màmá. Ẹ máa tẹ̀lé e."

"Ó ní kí n yà sọ́tùn-ún, mo yà. Ó ní kí n jókòó, mo jókòó. Bàbá rẹ tó fẹ́ mi sílé kò pàṣẹ fún mi tó báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀nà jù mí lọ, Màmá."

"Èmi ò bí i. Ìwọ ni mo bí. Fojú ara rẹ wá mi tí mo bá dé."

"Màá wá yín, Màmá."

Ọkọ̀ ojú omi ìkẹyìn ọjọ́ náà ló kù, nítorí kùrukùru ń ki sí i. Awakọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Kánjú, yọrí lójú fèrèsé.

"Agùntáṣọọ́lò, ṣé ibí la máa sùn ni?"

"Màmá mi ló kù."

"Kùrukùru yìí ò mọ ìyá ẹnìkan o."

Okùn ti lọ́ mọ́ra. Agùntáṣọọ́lò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú u. Fóònù gbọ̀n. Àwòrán màmá rẹ̀ ni: gèlè búlúù, báàgì lọ́wọ́. Ẹ̀yìn Agùntáṣọọ́lò ni géètì wà. Ó gbọ́ tí géètì ṣí. Ó gbọ́ tó tún tì.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ máa wọlé," ó wí, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó tẹ "Mo rí i."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹsẹ̀ kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lórí pákó. Kò dún bíi bàtà. Ó dún bí aṣọ tútù tí a ń wọ́ nílẹ̀. Òtútù gba ọrùn rẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi tú okùn tán, tó gbójú sókè, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ti tì. Ó rí gèlè búlúù lẹ́yìn gíláàsì. Ó juwọ́ sí i. Gèlè náà kò mira. Kùrukùru gbé ọkọ̀ mì.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹnìkan ń gbá géètì.

"Ta ni kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún mi níbí?"

Ó yí padà. Màmá rẹ̀ ló dúró lóde. Gèlè búlúù. Báàgì lọ́wọ́.

Ohùn Amọ̀nà jáde lára òpó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èrò yìí ti wọ ọkọ̀."

Géètì kò ṣí. Agùntáṣọọ́lò na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó gbé màmá rẹ̀ gba orí géètì wọlé bí ẹni gbé ọmọdé. Ara wọn gbóná. Kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀.

"Ohùn yẹn kàn dákẹ́ nínú bọ́ọ̀sì," màmá wí. "Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò dáhùn. Ilẹ̀kùn ò ṣí fún mi, àfi ìgbà tí mo rọ́ tẹ̀lé ẹlòmíràn. Kí ni mo fi ṣe é?"

Agùntáṣọọ́lò pe Kánjú.

"Ta ló jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ?"

"Màmá rẹ ni. A ti gúnlẹ̀. Amọ̀nà ti ń júwe ilé fún wọn lọ." Kánjú bojú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ṣé òjò pa wọ́n ni? Gbogbo ìjókòó ló rin gbingbin."

"Yí ọkọ̀ padà, wá gbé mi."

"Nínú kùrukùru yìí? Amọ̀nà ti ti ẹ́ńjìnnì pa. Ó di ọ̀la."

Ó bá Amọ̀nà sọ̀rọ̀ lórí fóònù iṣẹ́. Ó ní kì í ṣe màmá òun ló wọ ọkọ̀.

"Ẹ ti jẹ́rìí pé ẹ rí wọn," Amọ̀nà wí.

"N kò rí wọn."

"Ẹ ti jẹ́rìí."

Ẹni tó bá jẹ́rìí ohun tí kò rí, kò mọ ẹni tó fi ilé rẹ̀ hàn.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. Fóònù dún títí kó tó gbé e.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Màmá ti dé."

Ohùn rẹ̀ já geere. Màmá tó dúró tì í gbọ́ ọ. Wọ́n gbójú sókè wo ọmọ wọn.

"Ọmọ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ kankan, bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n kàn nawọ́, mo gbé e fún wọn."

"Gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Kí ló dé?"

"Gbà á. Màmá mi nìyí níwájú mi."

Agùntáṣọọ́lò gbọ́ ìṣísẹ̀ ìyàwó rẹ̀ láti yàrá kan dé èkejì. Ó gbọ́ tó ń fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

"Màmá," ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ọmọ náà ń sunkún. Lẹ́yìn náà, nínú yàrá yẹn, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohùn màmá Agùntáṣọọ́lò ni, kò yẹ̀. Ẹkún náà dá.

Màmá, tó dúró tì í létí odò, fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu wọn, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló ń sọ̀rọ̀.