Ọkọ̀ Páálí Tí Wọ́n Kọ “Ma Ge E” Sí

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, n kò bù kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó lọ bi àwọn ọlọ́pàá tó wọ yàrá náà pé kí ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn. Wọ́n fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Obìnrin kan wà nínú ẹbí wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Aránwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé tó bá ti já, tí ewé rẹ̀ ń jábọ́ bí irun orí arúgbó, òun ni wọ́n ń gbé e wá fún. Á rán an, á fi páálí tuntun dì í, ìwé náà á sì tún ní ẹ̀yìn. Tó bá fi abẹ gé páálí, ẹ ò ní mọ ibi tí abẹ gbà.

Yàrá méjì lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Kò lọ́kọ. Ọkùnrin méjì ti wá rí. Wọ́n wá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹun, ìdílé wọn wádìí, wọ́n sì gbọ́ pé bàbá rẹ̀ pa èèyàn. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti mọ ọ̀nà ilé Aránwé mọ́.

Káfíńtà inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá yìí. Òun àti àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Aránwé nígbà tí ọkọ̀ náà padà dé èbúté. Bàbá Kékeré sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́tà tí àwọn ọlọ́kọ̀ kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ: ìjà ṣẹlẹ̀ ní ikùn ọkọ̀, káfíńtà pa atukọ̀ kan, ó sì bẹ́ sínú òkun. Bàbá Kékeré ni ẹlẹ́rìí.

“Ọ̀nà mẹ́ta ló ti gbà rò ó fún mi,” ni ìyá Aránwé máa ń wí. “Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀bẹ ni. Nígbà kejì, òòlù. Nígbà kẹta, ọwọ́ lásán. Òótọ́ kì í pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ìyá náà ń fẹ́ láyé: kó tó kú, kó mọ̀ bóyá ọkọ òun pa èèyàn ni, tàbí èèyàn ló pa á. Ohun kan náà ni ọmọ rẹ̀ ń fẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti ń jẹ́ ọmọ apànìyàn.

Ọdún tí Aránwé pé ẹni ogójì ọdún ni ẹrù pẹlẹbẹ kan dé. Atukọ̀ àgbà kan tó ti bá wọn wọ ọkọ̀ rí ló kú lókèèrè. Ọmọ rẹ̀ rí ẹrù náà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ bàbá rẹ̀, ó rí ibi tí wọ́n kọ pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ó sì fi ránṣẹ́. Páálí mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Bàbá Aránwé ló yà wọ́n. Ó ya ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ náà sí wẹ́wẹ́: egungun ìhà rẹ̀, awọ ara rẹ̀, ọ̀pá èéfín rẹ̀, àkàbà tí kò gùn ju èékánná lọ. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ọmọdé lè gé e, kó ká a, kó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó sì di ọkọ̀. Lókè páálí àkọ́kọ́ ló kọ ọ́ sí: *Fun omo mi.*

Kò sí àmì kan lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì fa ohùn níbi tó yẹ kó ti fà á. Ìwé mẹ́ta péré lọkùnrin náà kà. Àwọn tó kàwé jù ú lọ pàápàá kì í fi àmì sí i. Wọ́n á ní ẹni tó ń kà á á mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ohun tó dá sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Aránwé fi ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. *Ge e,* páálí á wí, á gé e. *Ka a,* á ká a. *Le e mo,* á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ á jókòó tì í, á máa fi ìka kó ègé páálí jọ.

“Ó mọ ọwọ́ ẹ,” ni ìyá náà wí. “Kò rí ẹ kó o dàgbà, ó sì ya iṣẹ́ tó tó ọwọ́ ẹ.”

“Ẹ má jẹ́ n sunkún sórí gọ́ọ̀mù, Màámi. Kò ní mú.”

Wọ́n bá ara wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ilé náà ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dé orí nọ́ńbà kọkànlélógójì. Orí òkè ọkọ̀ ló wà, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo ikùn ọkọ̀. Bàbá fa ìlà yí i ká ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Àárín rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ sí: *Ma ge e.*

“Má gé e,” ni Aránwé kà. “Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Máa gé e ni,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Mo mọ ẹnu bàbá ẹ. Tí kò bá fẹ́ nǹkan, ‘máà’ ló máa ń sọ. Máà lọ. Máà jẹ ẹ́. Kì í sọ ‘má’.”

“Bó ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ló ń kọ ọ́.”

“Ta ló fẹ́ ẹ? Ìwọ ni àbí èmi?”

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ. Èmi ni mo mú abẹ dání.”

Kò gé e. Ohun tí abẹ bá ti gé, gọ́ọ̀mù kan ò lè sọ ọ́ di odindi mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó lẹ òkè ọkọ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, ó fi ìwé ńlá méjì tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ fọwọ́.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Aago méjì ọ̀sán. Oòrùn mú. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Aṣọ fèrèsé kò mì. Aránwé gbọ́ ohun kan tó ń họ páálí, họ, họ, ó rò pé eku ni. Ó yíjú. Kò sí eku. Orí tábìlì ni ohùn náà wà.

Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń sáré, tó ń yọ̀, tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, tó kéré bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán.

Gbì.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wú síta, ó tó hóró ìrẹsì.

Gbì. Gbì.

Ọkùnrin kan kérora níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju ti yànmùyánmú lọ.

“Aránwé.”

“Mo gbọ́, Màámi.”

“Ẹsẹ̀ èèyàn mélòó?”

Ó tẹ́tí. “Èèyàn méjì.”

Ariwo náà dákẹ́ lójijì bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun dúdú kan yọ níbi tí páálí méjì ti pàdé. Aránwé fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Lójoojúmọ́, aago méjì. Aránwé kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń fi orí ẹnìkejì gbá igi, léraléra, láìkánjú, bí ẹni tó ń gún nǹkan. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ká. Bí igi ìṣáná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹkún, lẹ́yìn ẹkún ni ẹ̀ṣẹ́ mìíràn.

“Pe Bàbá Kékeré,” ni ìyá náà wí.

Ó dé lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu rẹ̀ dùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

“Ìyàwó wa! Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí náà. Ẹ ò lọ́kọ, ẹ wá ń ṣe ọkọ̀.”

“Ẹ jókòó,” ni ìyá Aránwé wí. “Aago méjì kù díẹ̀.”

Ó rí ohun tó wà lórí tábìlì. Ẹ̀rín bọ́ lójú rẹ̀.

“Ta ló sọ fún ẹ pé apá ibẹ̀ yẹn ni àkàbà wà?”

“Bàámi ló yà á.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo nọ́ńbà kọkànlélógójì.

“Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Bàbá Kékeré?” Aránwé bi í. “Ẹ̀yin àti Bàámi lẹ jọ dàgbà. Ẹ kà á fún wa.”

Ó dìde. Nígbà tó máa yíjú, ìyá Aránwé ti ki irin bọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ti gbé àga síbẹ̀, ó sì ti jókòó lé e.

“Ẹ jẹ́ kí aago lù ná,” ló wí.

Aago lù. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bàbá Kékeré fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì fi gbogbo agbára là á mọ́ ọkọ̀ náà. Ọ̀pá ṣẹ́ sí méjì. Páálí tí kò nípọn tó èékánná kò ká, kò sún, kò mì.

Nígbà náà ni orí Bàbá Kékeré ta sẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ètè rẹ̀ là. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ohun kan sì wọlé sí ìhà rẹ̀, gbì, èémí jáde lẹ́nu rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ láti inú bọ́ọ̀lù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n kàn ń lù ú ni o. Ó ń jà. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́, ẹ̀ṣẹ́ náà sì bá nǹkan, nítorí awọ ìka rẹ̀ ń bó lójú wọn. Ó gbá nǹkan mú lọ́rùn, ó ń fún un, ọrùn tirẹ̀ náà ń wọnú bíi pé ìka mẹ́wàá wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ó ta sára aṣọ tí Aránwé fi ń di ẹ̀yìn ìwé.

Ìyá Aránwé kò dìde lórí àga.

“Ọ̀bẹ ni, Bàbá Kékeré?” ló ń bi í. “Àbí òòlù ni? Àbí ọwọ́ lásán?”

Ẹ̀ṣẹ́ kan tún wá. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n yí lọ sábẹ́ tábìlì. Bàbá Kékeré yíjú sí Aránwé. Ó ti rí abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu tí kò ju ihò ẹ̀jẹ̀ lọ mọ́.

“Ma gé e!” ló ń wí. “Ma gé e! Ma gé e!”

Má ni, àbí máa? Ẹnu tó ti fọ́ kò lè fa ohùn, kò sì lè gé e kúrú. Aránwé wo ojú rẹ̀. Ojú náà ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Aránwé kò mọ ohun tó ń bẹ̀ fún.

“Gé e!” ni ìyá rẹ̀ pariwo.

Ó gé e. Ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ kẹta.

Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́.

Ó fi ṣóńṣó abẹ gbé ilẹ̀kùn kékeré náà, ó sì bojú wo inú. Páálí funfun. Egungun ìhà tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ. Òórùn omi òkun wá bá a nímú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

“Màámi, kò sí nǹkan kan nínú...”

Ìyá rẹ̀ kò wo ọkọ̀. Ó ń wo àárín yàrá. Fìlà kan wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Kékeré kò sí. Irin ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá náà ṣì jókòó tì í, irin fèrèsé sì le gbagidi.

Àwọn ọlọ́pàá wá. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wo inú àgbá omi. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ṣí ìkòkò.

“Ibo ló gbà jáde?” ni ọ̀gá wọn béèrè.

“Ẹ bá wa bi í,” ni ìyá Aránwé wí.

Wọ́n fi bébà wé eyín méjèèjì, wọ́n sì kó wọn lọ. Wọn ò wo orí tábìlì. Ta ló ń wá àgbàlagbà nínú ohun ìṣeré?

Lọ́jọ́ kejì, aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá àti ọmọ ti jókòó. Aago lù. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

“Mélòó?” ni ìyá náà béèrè.

Aránwé di ojú. Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà.

“Mẹ́ta.”

Gbì. Gbì. Egungun kan ró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ jáde látinú ọkọ̀, wínníwínní, ó sì ṣe kedere.

“Ẹ̀gbọ́n!”

“Ó ń bẹ̀ ẹ́,” ni ìyá náà wí.

“Ó ń pè é pé kó wá gba òun ni, Màámi.”

“Lọ́wọ́ ta ni?”

Aránwé tún wọn kà lọ́kàn. Bí Bàbá Kékeré bá jẹ́ ẹni kẹta, bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, ta ni ẹnìkejì tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́? Atukọ̀ tí lẹ́tà wí ni? Ṣé òkú náà ló ń jà ni, àbí ẹni tó pa òkú?

Ìyá rẹ̀ dìde. Ó wọ́ àga rẹ̀ dé ìdí tábìlì. Ó fi èékánná gbé ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ náà sókè, ó gbé ẹnu lé e bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sétí ọmọ ìkókó, ó sì bi wọ́n wọ́ọ́rọ́wọ́:

“Ta ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè nínú yín?”

Ìjà dúró.

Kò sí ẹsẹ̀. Kò sí ẹkún. Mímí wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́, mímí ọkùnrin mẹ́ta tó ti rẹ̀, bí ìgbà tí àgbà bá ká àwọn oníjà mọ́, tí wọ́n ń wo ojú ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́. Ìyá náà ti fi etí rọ́pò ẹnu, kò sì gbé e kúrò. Aránwé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kúrò lórí tábìlì.

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, láti imú.

Ìyá àti ọmọ wo ara wọn. Wọn ò mọ ẹ̀rín náà.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tún bà.